Oògùn Inú Ìdì Ọ̀rá: Bí Èérún Nánò Ṣe Ń Gbé Oògùn Dé Inú Sẹ́ẹ̀lì

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2021, ẹrù abẹ́rẹ́ àjẹsára kan gúnlẹ̀ sí Àbújá láti orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Abẹ́rẹ́ Moderna tí a fi ń dènà àrùn Kòrónà ni, ìjọba Amẹ́ríkà ni ó sì fi ta Nàìjíríà lọ́rẹ. Ìwọ̀n rẹ̀ tó fún gígún ní ìgbà mílíọ̀nù 4. Inú òtútù tí ó ju ti omi dídì lọ ni a ń pa á mọ́ sí, nítorí pé bí ooru bá kàn án pẹ́, ohun tí ó wà nínú ìgò rẹ̀ yóò bàjẹ́. Nígbà tí irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ dé àwọn ìlú àti abúlé, ọ̀pọ̀ ènìyàn na apá wọn fún un. Àwọn mìíràn kọ̀, nítorí tí wọ́n bẹ̀rù pé yóò yí ẹ̀jẹ̀ wọn padà, àti pé yóò wọ inú ìran wọn.

Àti ẹni tí ó gbà, àti ẹni tí ó kọ̀, díẹ̀ nínú wọn ni ó mọ̀ pé omi funfun inú ìgò náà kì í ṣe oògùn tí a kàn pò mọ́ omi bí a ti ń po iyọ̀. Àìmọye ìdì ọ̀rá kéékèèké ni ó kún inú rẹ̀, olúkúlùkù ìdì sì di iṣẹ́ kan mọ́ra tí yóò jẹ́ fún ara. Irú ìdì bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní èérún nánò. Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yìí dá lé e lórí, nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kọjá ti Kòrónà nìkan. Àwọn onímọ̀ ń wá ọ̀nà tí wọn yóò fi lò ó fún àrùn tí ó ti ń dààmú ilẹ̀ Yorùbá láti ayébáyé.

Kí ènìyàn tó lè mọ ìwúlò ìdì wọ̀nyí, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ ìṣòro tí ó bí wọn. Gbogbo ara ẹ̀dá, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ni a fi ohun tí a ń pè ní sẹ́ẹ̀lì mọ, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi búlọ́ọ̀kù mọ ilé. Ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù tí ó wà láàyè ni, tí ń jẹun, tí ń ṣiṣẹ́, tí ó sì ń kú. Sẹ́ẹ̀lì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ọ̀rá ṣe ni ó yí i ká, bí ògiri ti í yí agbo ilé ká, kì í sì í ṣe gbogbo àlejò ni awọ yìí ń ṣílẹ̀kùn fún.

Oògùn tí a gbé mì tàbí tí a gún sí ara a máa bá ẹ̀jẹ̀ kiri gbogbo ara ni. Ẹni tí ó lo oògùn nítorí orúnkún kò lè pàṣẹ fún un pé kí ó má ṣe ya ọ̀dọ̀ kíndìnrín. Bí oògùn náà bá jẹ́ oníwà tútù, ewu rẹ̀ kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ oògùn líle, irú èyí tí a fi ń pa àrùn jẹjẹrẹ, yóò ṣe ibi ní ibi tí a kò rán an: irun yóò máa re, ẹnu yóò di egbò, ọkàn pàápàá lè bàjẹ́.

Ìṣòro kejì le ju èyí lọ. Àwọn oògùn kan wà tí kò wúlò rárá àyàfi bí wọ́n bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì gan-an, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò lè dá wọ ibẹ̀. Olórí wọn ni èyí tí a ń pè ní RNA.

Ní àárín sẹ́ẹ̀lì ni kóró kan wà, bí kóró ti í wà nínú èso. Inú kóró yìí ni DNA wà, èyí tí í ṣe àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí a jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá: àwọ̀ ara, irú ẹ̀jẹ̀, àti ọ̀pọ̀ àrùn tí ń bẹ nínú ìdílé. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan nínú àkọsílẹ̀ náà ni a ń pè ní jíìnì. DNA kì í jáde kúrò nínú kóró, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọba ayé àtijọ́ kì í ti í jáde kúrò nínú ààfin láìnídìí. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ ṣe ohun kan, a óò da gbólóhùn kan kọ sára RNA, RNA yóò sì gbé e jáde lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì. Àwọn wọ̀nyí yóò kà á, wọn yóò sì ṣe purotéènì tí ó pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, RNA yóò túká. Ẹni tí ó bá mọ bí àwọn àgbà ti ń fi àrokò ránṣẹ́ kò ní ṣàì mọ ìtumọ̀ èyí. Owó ẹyọ tí a sín pọ̀ kò ní agbára kan fún ara rẹ̀. Òye ẹni tí ó gbà á ni ó ń sọ ọ́ di ọ̀rọ̀.

Láti ìgbà tí èyí ti hàn ni àwọn onímọ̀ ti ń rò ó pé, bí ènìyàn bá lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ RNA, kí ó sì fi ránṣẹ́ sínú sẹ́ẹ̀lì, ara aláìsàn fúnra rẹ̀ ni yóò máa ṣe oògùn tí ó nílò. Èrò náà dára. Ṣùgbọ́n RNA tí a bá gún sínú ẹ̀jẹ̀ ní ìhòòhò kì í pẹ́ rárá. Àwọn èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa gé e wẹ́wẹ́ lọ. Èyí tí ó bá bọ́ lọ́wọ́ wọn, kíndìnrín yóò sẹ́ ẹ mọ́ ìtọ̀. Èyí tí ó bá sì dé ẹ̀bá sẹ́ẹ̀lì, ọ̀rá ara ògiri yóò lé e sẹ́yìn. Àrokò wà, ẹni tí yóò kà á wà, ṣùgbọ́n kò sí ìránṣẹ́ tí ó lè la ọ̀nà náà kọjá.

Ní ọdún 1961 ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ díẹ̀. Alec Bangham, onímọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwádìí Babraham tí ó wà lẹ́bàá ìlú Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, po irú ọ̀rá tí ó wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì mọ́ omi, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, R. W. Horne, sì fi ẹ̀rọ alágbára tí ń sọ ohun kékeré di ńlá lójú wò ó. Wọ́n rí i pé ọ̀rá náà ti fúnra rẹ̀ di àwọn àpò róbótó, tí omi sì wà nínú wọn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wo epo pupa lójú ọbẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rá kì í bá omi rẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rá ara sẹ́ẹ̀lì fi èyí jọ ọṣẹ: ó ní orí tí ó fẹ́ràn omi, ó sì ní ìrù tí ó kórìíra rẹ̀. Bí ó bá bọ́ sínú omi, àwọn ìrù yóò sá pamọ́ sí àárín, àwọn orí yóò kọjú sí omi ní inú àti ní òde, ògiri onípele méjì náà yóò sì ká di àpò. Liposome ni a wá ń pe irú àpò bẹ́ẹ̀.

Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè pé, bí omi bá lè wà nínú àpò yìí, kí ni kò ní jẹ́ kí oògùn wà níbẹ̀? Ó gbà ju ọdún 30 lọ kí ìbéèrè náà tó so èso ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1995 ni ìjọba ibẹ̀ fọwọ́ sí oògùn Doxil, èyí tí Yechezkel Barenholz àti Alberto Gabizon ti ṣe iṣẹ́ lé lórí ní Jerúsálẹ́mù. Oògùn jẹjẹrẹ àtijọ́ kan tí a ń pè ní doxorubicin ni a dì sínú rẹ̀. Doxorubicin lágbára, ṣùgbọ́n a máa ba ọkàn jẹ́. Nígbà tí a dì í sínú àpò ọ̀rá, tí a sì fi èròjà kan bo àpò náà lára kí àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀ má baà tètè dá a mọ̀, ibi tí ó ń ṣe fún ọkàn dín kù. Àlàyé tí a ṣe ni pé iṣan ẹ̀jẹ̀ inú kókó jẹjẹrẹ a máa jò, àpò oògùn a sì máa gba ojú jíjò náà wọlé, nígbà tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn, tí ó dì pinpin, kò gbà á láyè. Ọ̀rọ̀ jíjò yìí kò rí bákan náà lára gbogbo aláìsàn, ó sì ti já ọ̀pọ̀ onímọ̀ kulẹ̀ tí wọ́n rò pé àpò kan náà yóò ṣiṣẹ́ fún jẹjẹrẹ gbogbo.

Nípa ìwọ̀n ìdì wọ̀nyí, kí ènìyàn mú rúlà ọmọ ilé-ìwé, kí ó wo mìlímítà kan ṣoṣo lára rẹ̀, kí ó sì fi ọkàn pín in sí ọ̀nà mílíọ̀nù 1. Ìpín kọ̀ọ̀kan ni a ń pè ní nánòmítà. Ìdì inú abẹ́rẹ́ àjẹsára fẹ̀ tó nǹkan bí 100 nánòmítà, tó bẹ́ẹ̀ tí a óò to nǹkan bí 1,000 nínú wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n tó fẹ̀ tó irun orí kan. Ìwọ̀n yìí kò ṣèèṣì. Bí ìdì bá tóbi jù, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gbá ìdọ̀tí nínú ẹ̀jẹ̀ yóò tètè gbé e mì; bí ó bá sì kéré jù, kíndìnrín yóò sẹ́ ẹ dànù.

RNA kò rọrùn láti dì bí doxorubicin. Iná mànàmáná ní ipá oríṣi méjì, èyí tí àwọn olùkọ́ ń fi àmì àròpọ̀ àti àmì àyọkúrò kọ. Àwọn tí ó bá jọra a máa lé ara wọn. Àwọn tí ó bá yàtọ̀ a máa fa ara wọn. RNA kún fún ipá àyọkúrò, nítorí náà ọ̀rá tí ó bá ní ipá àròpọ̀ ni ó lè dì mọ́ ọn dáadáa. Irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ wà, a sì dán an wò, ṣùgbọ́n ó ń ṣe bí májèlé nínú ara, nítorí pé ohun gbogbo tí ó bá pàdé ni ó ń lẹ̀ mọ́.

Pieter Cullis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì British Columbia ní ìlú Vancouver, ní orílẹ̀-èdè Kánádà, wà lára àwọn tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ojútùú sí èyí. Ojútùú náà ni ọ̀rá tí ń pa ìwà dà. Nínú omi tí ó kan, ọ̀rá yìí a ní ipá àròpọ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀, tí kò kan, ipá náà a fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, ọ̀rá náà a sì di ẹni jẹ́jẹ́. Ní ilé iṣẹ́, a óò po RNA mọ́ omi kíkan, a óò po ọ̀rá mọ́ ọtí líle, a óò sì tì wọ́n pọ̀ pẹ̀lú agbára kí wọ́n pàdé ní ojú ihò tóóró kan. Kí ojú tó ṣẹ́, ọ̀rá yóò ti wé mọ́ RNA. Lẹ́yìn náà ni a óò fọ ọtí àti kíkan kúrò. Ọ̀rá oríṣi 4 ni a ń lò pọ̀. Èyí tí ń pa ìwà dà ni olórí; èkejì jẹ́ irú ti ara sẹ́ẹ̀lì; kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù wà níbẹ̀ láti mú ìdì náà le; ẹ̀kẹrin sì ní ìrù gígùn tí ó yọ síta, tí kì í jẹ́ kí ìdì kan lẹ̀ mọ́ èkejì.

Bí ìdì náà ti ń wọlé ni ó yẹ kí a fara balẹ̀ wò, nítorí pé ibẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Nígbà tí ìdì bá dé ara sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì kò mọ̀ pé àjèjì ni. Ó ṣe bí oúnjẹ ni. Awọ rẹ̀ yóò tẹ̀ wọnú, yóò sì gbé ìdì náà mì sínú àpò kan. Ìdì ti wọ inú agbo ilé wàyí, ṣùgbọ́n inú àhámọ́ ni ó wà. Àpò náà dàbí ikùn, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú kíkan sí i láti fi da ohun tí ó gbé mì. Kíkan yìí gan-an ni ọ̀rá tí ń pa ìwà dà ti ń retí. Bí ó bá ti kàn án, ipá àròpọ̀ rẹ̀ yóò padà wá. Ọ̀rá ara ògiri àpò náà ní ipá àyọkúrò. Àwọn méjèèjì yóò fa ara wọn mọ́ra, ògiri yóò ya, RNA yóò sì dà jáde sínú sẹ́ẹ̀lì. Ohun tí sẹ́ẹ̀lì fẹ́ fi pa ìdì náà run ni ó fi ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ń ríbi sá. Púpọ̀ jù lọ ni a ń dà sínú àpò náà kú. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ń bọ́. Àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí kò fi bò rárá, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń forí ṣe títí di òní.

Oògùn RNA àkọ́kọ́ tí ó gba ọ̀nà yìí dé ọwọ́ aláìsàn ni Onpattro, ti ilé iṣẹ́ Alnylam, èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní oṣù kẹjọ ọdún 2018. Àrùn ìdílé kan ni ó wà fún, nínú èyí tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe purotéènì tí kò dára, tí purotéènì náà sì ń dì sí ara àwọn iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára àti sí ara ọkàn, tí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ aláìsàn yóò fi máa kú tipiri. RNA kékeré tí ó wà nínú Onpattro kì í pàṣẹ pé kí a ṣe nǹkan. Ńṣe ni ó ń pa àṣẹ tí ń ṣe purotéènì náà rẹ́.

Ìdí wà tí ó fi jẹ́ àrùn ẹ̀dọ̀ ni a kọ́kọ́ ṣẹ́gun. Ọ̀rá inú oúnjẹ a máa bá purotéènì kan tí a ń pè ní ApoE rìn nínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí ó dàbí àmì tí àwọn alájàpá ń kọ sí ara àpò ọjà wọn kí ó má baà ṣìnà. Ẹ̀dọ̀ mọ àmì náà, a sì máa gba ẹrù tí ó bá ní i lára. Bí ìdì ọ̀rá bá wọ inú ẹ̀jẹ̀, ApoE yóò lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ̀dọ̀ yóò sì kó o wọlé bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Èyí dára fún ẹni tí àrùn rẹ̀ wà ní ẹ̀dọ̀. Fún ẹni tí àrùn rẹ̀ wà níbòmíràn, ìdènà ńlá ni, bí yóò ti hàn níwájú.

Láàárín àkókò yìí, ẹnìkan ti ń bá RNA fúnra rẹ̀ jà. Katalin Karikó, ọmọ alápatà kan ní orílẹ̀-èdè Họ́ngárì, kó lọ sí Amẹ́ríkà pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ rẹ̀ ní ọdún 1985. Ó gbà pé RNA lè di oògùn. Àwọn tí ń fúnni lówó ìwádìí kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1995 a já a sílẹ̀ ní ipò níbi iṣẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ kò fi RNA sílẹ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, òun àti Drew Weissman, tí ń ṣe ìwádìí nípa bí ara ti ń gbógun ti àrùn, pàdé nídìí ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe ẹ̀dà ìwé, wọ́n sì di alájọṣiṣẹ́. Ohun tí ó ń dí wọn lọ́wọ́ ni pé ara a máa ka RNA tí a kọ ní ilé ìwádìí sí ọ̀tá, a sì máa bá a jà. Ní ọdún 2005 wọ́n fi hàn pé bí a bá fi lẹ́tà kan tí ó jọ ọ́ rọ́pò ọ̀kan nínú lẹ́tà 4 tí a fi ń kọ RNA, ìjà náà a rọlẹ̀. Ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 2023 lórí ìmọ̀ ìṣègùn ni a fi dá àwọn méjèèjì lọ́lá.

Nígbà tí Kòrónà fi dé, RNA tí ara lè gbà ti wà, ìdì tí ó lè gbé e ti wà. Uğur Şahin àti ìyàwó rẹ̀ Özlem Türeci, tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ BioNTech sílẹ̀ ní ìlú Mainz ní Jámánì, àti ilé iṣẹ́ Pfizer, ni ó kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ kejì oṣù kejìlá ọdún 2020. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, a gún ìyá àgbà ẹni 90 ọdún kan ní ìlú Coventry. Ti Moderna tẹ̀ lé e ní Amẹ́ríkà nínú oṣù kan náà. Iṣẹ́ tí RNA inú méjèèjì ń jẹ́ kò ju ọ̀kan lọ: kí sẹ́ẹ̀lì ṣe purotéènì tí ó rí bí ẹ̀gún, èyí tí ó wà lára fáírọ́ọ̀sì Kòrónà. Ara yóò rí ẹ̀gún náà, yóò sì kọ́ bí a ti ń bá a jà. Fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ kò sí nínú abẹ́rẹ́. Kí a má sì ṣe da èyí pọ̀ mọ́ abẹ́rẹ́ AstraZeneca tí ó kọ́kọ́ dé Nàìjíríà ní oṣù kẹta ọdún 2021. Fáírọ́ọ̀sì mìíràn tí a ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ń gbé iṣẹ́ ti AstraZeneca, kì í ṣe ìdì ọ̀rá.

Nípa ti ẹ̀rù pé abẹ́rẹ́ náà yóò wọ inú ìran ẹni, ohun tí a ti sọ nípa kóró sẹ́ẹ̀lì ni ìdáhùn rẹ̀. RNA inú ìdì náà kì í wọ inú kóró níbi tí DNA wà, kò sì sí ohun èlò kankan nínú ìdì náà tí ó lè dà á kọ sára DNA. Sẹ́ẹ̀lì yóò kà á, yóò sì tú u ká láàárín ọjọ́ díẹ̀, bí ó ti ń ṣe fún RNA tirẹ̀ lójoojúmọ́. Èyí kò wí pé abẹ́rẹ́ náà kò ní ìnira. Apá a máa dun ni, ibà a sì máa mú àwọn mìíràn fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn ènìyàn díẹ̀, pàápàá àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin, ti ní wíwú iṣan ọkàn lẹ́yìn rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn sì ti bọ́. Àwọn díẹ̀ mìíràn ni ara wọn kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí a fi ń ní kí ẹni tí a gún jókòó fún ìṣẹ́jú 15 kí ó tó máa lọ ilé. Òtítọ́ ni gbogbo èyí, ó sì sàn kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera máa sọ ọ́ ní gbangba ju kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ń bù mọ́ ọ̀rọ̀.

Òtútù ni ìṣòro tí ó kan abúlé jù. Nígbà tí abẹ́rẹ́ Pfizer kọ́kọ́ jáde, òtútù tí ó tó 70 sísàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì ni a ń pa á mọ́ sí. Ti Moderna jẹ́ 20 sísàlẹ̀ òdo. Ibi tí iná mànàmáná kì í ti í dúró, kò sí ẹni tí ó lè ṣe èyí láìsí ẹ̀rọ amúnáwá àti owó epo. Ọ̀nà jíjìn tí ẹrù náà ń bá wá sì wà níbẹ̀. Nítorí èyí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi dá ibi ìkọ́ṣẹ́ kan sílẹ̀ ní ìlú Cape Town, ní Gúúsù Áfíríkà, ní ọdún 2021, kí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn lè kọ́ bí a ti ń kọ RNA àti bí a ti ń dì í. Ní oṣù kejì ọdún 2022 a ka Nàìjíríà mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè 6 àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà tí yóò gba ìmọ̀ náà.

Iṣẹ́ tí a lè fi rán ìdì ọ̀rá kò mọ sí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ní ọdún 2025, àwọn dókítà ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà ròyìn bí wọ́n ti tọ́jú ọmọ ọwọ́ kan tí a bí pẹ̀lú àṣìṣe nínú jíìnì kan. Ẹ̀dọ̀ ọmọ náà kò lè sọ ìdọ̀tí tí ń jáde lára purotéènì oúnjẹ di ohun tí a lè tọ̀ dànù, ìdọ̀tí náà sì ń di májèlé nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ṣe ohun èlò kan tí yóò tún lẹ́tà tí ó ṣì náà ṣe, fún ọmọ yẹn nìkan, wọ́n kọ àṣẹ rẹ̀ sára RNA, wọ́n sì dì í sínú ọ̀rá. A fún un ní ìgbà mẹ́ta. Lẹ́yìn rẹ̀ ó ṣeé ṣe fún un láti jẹ purotéènì ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó sì kúrò ní ilé ìwòsàn lọ sí ilé. Ní ti oògùn yìí, ó yẹ kí a ṣàkíyèsí pé DNA ni a fẹ́ tún ṣe, a sì dìídì fi ohun èlò tí ó lè ṣe é ránṣẹ́. Ohun èlò bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Ẹ̀dọ̀, lẹ́ẹ̀kan sí i. Àrùn tí ó ń jẹ ilẹ̀ yìí níyà jù nínú àwọn àrùn tí a ń jogún kò sí ní ẹ̀dọ̀. Àrùn náà ni fòníkú-fọ̀ladìde. Ìṣirò tí a sábà máa ń tọ́ka sí ni pé nǹkan bí ọmọ 150,000 ni a ń bí pẹ̀lú rẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dọọdún. Kí ìmọ̀ ìṣègùn tó dé, kò sí àní-àní pé púpọ̀ nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni a ti pè ní àbíkú, tí a sì ti fi àpá sí wọn lára. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó ṣì nínú jíìnì tí ń pàṣẹ ẹ̀jẹ̀ pupa. Nítorí rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kí ó rí róbótó yóò tẹ̀ bí dòjé, yóò sì máa há sínú iṣan, tí egungun yóò fi máa ro aláìsàn kíkankíkan. Inú mùdùnmúdùn egungun ni a ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ sì ni àtúnṣe gbọ́dọ̀ dé.

Ìwòsàn kan ti wà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí Casgevy, Amẹ́ríkà sì tẹ̀ lé e ní oṣù kejìlá. Ṣùgbọ́n Casgevy kì í lo ìdì ọ̀rá rárá. A óò fa àwọn sẹ́ẹ̀lì tí í ṣe ìyá ẹ̀jẹ̀ jáde lára aláìsàn, a óò tún jíìnì wọn ṣe ní ilé iṣẹ́ kí wọ́n lè máa ṣe irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ń lò nínú oyún. Lẹ́yìn náà a óò fi oògùn líle pa àwọn tí ó kù nínú mùdùnmúdùn, kí a tó dá àwọn tí a tún ṣe padà. Oògùn líle náà lè sọ ènìyàn di àgàn. Owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà jẹ́ dọ́là mílíọ̀nù 2.2 fún aláìsàn kan, láìka owó ilé ìwòsàn, èyí tí gbogbo owó ìlera ìjọba ìbílẹ̀ kan lọ́dún kan lè má tó.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ń wá báyìí ni kí a má ṣe fa sẹ́ẹ̀lì kankan jáde mọ́, kí a kàn gún abẹ́rẹ́ kan, kí ìdì ọ̀rá inú rẹ̀ sì fúnra rẹ̀ wá mùdùnmúdùn lọ. Ní ọdún 2023 àwọn aṣèwádìí ní Philadelphia kan náà tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n so purotéènì kan mọ́ ara ìdì náà, èyí tí ó mọ àmì kan lára àwọn ìyá ẹ̀jẹ̀, tí ó sì ń dì mọ́ ọn bí kọ́kọ́rọ́ ti ń wọ àgádágodo. Nínú ara eku, ìdì náà dé mùdùnmúdùn, ó sì jíṣẹ́. Nínú àwo ilé ìwádìí, ìdì irú kan náà tún lẹ́tà tí ó ṣì ṣe nínú sẹ́ẹ̀lì àwọn tí ó ní fòníkú-fọ̀ladìde.

Kò tíì sí irú oògùn bẹ́ẹ̀ tí ìjọba kankan fọwọ́ sí fún àrùn yìí. Ara ènìyàn tóbi ju ti eku lọ, àwọn ìyá ẹ̀jẹ̀ kò pọ̀, wọ́n sì fọ́n káàkiri inú egungun. A gbọ́dọ̀ tún iye tí ó tó ṣe nínú wọn kí ẹ̀jẹ̀ tó lè yí padà, láìjẹ́ pé a fọwọ́ kan lẹ́tà mìíràn tí kò ṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì rí ọ̀nà tí a óò fi pa ìdí àmì ApoE rẹ́ tán pátápátá: pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lára, apá tí ó pọ̀ nínú ẹrù náà ṣì ń yà sí ẹ̀dọ̀.